Ọjọ́ Mẹ́rin Létí Adágún: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Ìpẹja ní Ìgbèríko Èpè

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́bọ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí èmi, àbúrò mi ọkùnrin àti ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, kúrò nílé ìyá mi ní Èpè, tí a sì kọjú sí apá òkè, níbi tí ilẹ̀ ti ń ga díẹ̀díẹ̀ kúrò létí ọ̀sà. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ la wà. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà débi pé awakọ̀ kò pa iná iwájú ọkọ̀ títí a fi kọjá Póka, ọmọ mi sì fi ìborùn ìyá mi wé orí àti etí. Ẹrù wa kò pọ̀: ọ̀pá ọparun mẹ́ta, ọ̀pá ìwọ̀ ìgbàlódé kan tí àbúrò mi rà, ìwọ̀ kéékèèké nínú agolo, òjé tí yóò fa okùn wálẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn méjì, gaàrí, epo, iyọ̀ àti ata.

Kì í ṣe ọ̀sà là ń lọ. Adágún kan ni, tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo ìdílé ń pè ní Bàbá Àgbà, sé kalẹ̀ nínú àfonífojì oko wọn nígbà tí mo ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Odò kékeré kan, tí ọmọdé lè fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ló ń gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀. Wọ́n wa amọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n fi katakata tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele-ìpele títí ó fi di ògiri gbọọrọ láàárín òkè méjèèjì, òjò ọdún yẹn sì ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, ó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi mú ọmọ dání. Ìyá mi ta ẹja lọ́jà Olúwo fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, bí wọ́n bá sì fi ọwọ́ kan ẹja, tí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọn yóò sọ irú omi tó ti wá. Ọmọ mi ní tirẹ̀, ìgboro Èkó la ti ń tọ́ ọ. Ẹja tó mọ̀ jù ni èyí tó ti dì gbagidi nínú firísà. Ó ti ń dùn mí tipẹ́ pé ọwọ́ mi ni okùn ìmọ̀ yẹn yóò ti já. Nígbà tí a ń jáde, ìyá mi pè mí padà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ẹ má mà gbé ẹja tó ń rùn ẹrẹ̀ wá fún mi o.” Mo dáhùn pé ó ti yé mi, bẹ́ẹ̀ kò tíì yé mi.

A bá Bàbá Àgbà lórí ògiri amọ̀ náà, àdá wà lọ́wọ́ wọn. Èmi àti àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ọmọ mi kúnlẹ̀, wọ́n sì kí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí a gbé ẹrù wọlé kí wọ́n tó mú wa rìn láti ìkángun ìsédò náà kan dé èkejì. Wọ́n fi hàn wá pé koríko nìkan ló wà lórí rẹ̀, kò sí igi kankan, nítorí pé gbòǹgbò igi máa ń la ọ̀nà fún omi nínú amọ̀, bí igi náà bá sì kú, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà, ihò gbọọrọ ni yóò kù sílẹ̀. Wọ́n fi ojú ihò òkété kan hàn wá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi amọ̀ tútù dí lánàá. Omi tó bá ń yọ́ gba inú ihò bẹ́ẹ̀ kọjá yóò máa kó amọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí ihò náà yóò fi gba ẹsẹ̀ ènìyàn, lẹ́yìn náà ògiri yóò ya lóru ọjọ́ kan. Ní ìkángun ọ̀tún ni wọ́n fi òkúta àti kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà tí omi ń gbà kún sílẹ̀, kí omi òjò tó bá pọ̀ jù má baà gba orí amọ̀ kọjá. Bàbá ní ọ̀sà mọ ọ̀nà ara rẹ̀ dé òkun, kò nílò olùṣọ́. Ṣùgbọ́n omi tí ènìyàn bá dá dúró, ènìyàn náà ni yóò máa dúró tì í.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún ọmọ mi, wọ́n sì mú kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì: kò gbọdọ̀ wẹ̀ nínú adágún, kò sì gbọdọ̀ tọ̀ síbẹ̀. Ìṣáwùrú fẹ́ràn omi tí kò ṣàn, tí koríko sì wà létí rẹ̀, inú ìṣáwùrú yìí sì ni kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà kó tó jáde sínú omi láti gba awọ ara ènìyàn wọlé. Inú ìtọ̀ ẹni tó ti ní àrùn náà ni ẹyin kòkòrò yìí ń gbà padà sínú omi. Inú mi dùn pé wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ọmọdé láìfi iwin omi dẹ́rù bà á. Lójú ẹsẹ̀ ló lọ fi omi kànga wẹ ẹsẹ̀ tó ti tì bọ adágún.

A na nẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ahéré, a jẹ gaàrí, a sì sùn.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì

Mo jí ní agogo márùn-ún, mo ti ń so ìwọ̀ mọ́ okùn nígbà tí Bàbá Àgbà jáde, tí wọ́n ní kí n jókòó. Nígbà ọyẹ́, omi adágún máa ń tutù gan-an lóru, ẹ̀jẹ̀ ẹja kì í sì í gbóná ju omi tó wà nínú rẹ̀ lọ, nítorí náà ara rẹ̀ máa ń wúwo, kì í lé oúnjẹ kiri. A ní láti dúró títí oòrùn yóò fi gun orí igi, tí yóò sì ta sí etídò tí omi rẹ̀ kò jìn. A fi àkókò náà wá ekòló nínú ilẹ̀ tútù lẹ́yìn ibi ìwẹ̀. Ọmọ mi kọ́kọ́ fi ewé mú un, ṣùgbọ́n kó tó di agogo mẹ́jọ, ó ti ń fi ọwọ́ lásán kó o sínú agolo.

Èmi tí mo gbọ́n díẹ̀ nínú ìpẹja, etí ọ̀sà ni mo ti kọ́ ọ, mo sì rí i lọ́jọ́ yìí pé púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ kò wúlò níhìn-ín. Ọ̀sà Èpè wà láàárín ọ̀sà Lẹ́kí, tí omi rẹ̀ dùn, àti ọ̀sà Èkó, tí iyọ̀ òkun máa ń wọ̀. Ìṣàn ni apẹja ń wò níbẹ̀, ìgbà tí omi ń wọlé àti ìgbà tí ó ń fà sẹ́yìn. Adágún kò ní irú ìṣàn bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni à ń wò. Etí tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lọ ni ewé, èérí àti kòkòrò tó léfòó yóò kó jọ sí, ibẹ̀ náà sì ni ẹpìyà yóò lọ jẹun. Yàtọ̀ sí èyí, à ń wo ibi tí kùkùté wà, nítorí àwọn igi tí omi bò mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n sé odò náà ṣì dúró nísàlẹ̀, abẹ́ wọn ni ẹja ńlá ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ni ìwọ̀ sì ń há sí.

Ẹpìyà ni a kọ́kọ́ lé. Ìwọ̀ kékeré, ekòló ìdajì, àti ègé pákó fífúyẹ́ tí yóò léfòó lórí omi, ló tó fún iṣẹ́ náà. Mo kọ́ ọmọ mi pé kó má ṣe fa okùn nígbà tí pákó bá kàn ń mì, àfi ìgbà tó bá rì tàbí tó bá ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ó pàdánù ekòló mẹ́fà kó tó di pé ẹja kan gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì. Nígbà tí ó fà á jáde, tí ẹja náà ń jà pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ lórí koríko, kò pariwo. Ó kàn dúró, ó ń wò ó. Mo ní kó fi omi tutu ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, kí ara yíyọ̀ tó ń dáàbò bo ẹja náà má baà bó, kó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ dé láti orí lọ sí ìrù, kó má baà gún un. Ó ṣe é bí mo ti wí.

Ní ọ̀sán, Bàbá Àgbà ju àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré, kí ọmọ lè rí ohun tó wà nínú omi. Nínú ẹja tí àwọ̀n kó jáde, ẹpìyà kan wà tí àgbọ̀n rẹ̀ wú, bí Bàbá sì ti tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹyin rẹ́súrẹ́sú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ ni. Irú ẹpìyà tó wà nínú adágún yìí, bó bá ti yé ẹyin tán, ẹnu ló ń kó o sí títí yóò fi pa, àní lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ pàápàá, wọ́n ṣì ń sá padà sẹ́nu ìyá bí ewu bá dé. Ọmọ mi béèrè bóyá gbogbo ẹpìyà ló rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ní rárá, pé nínú irú ẹpìyà kan tó pọ̀ nínú ọ̀sà wa, tí àgbọ̀n rẹ̀ máa ń dúdú, baba ló ń gbé ẹyin sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lọ́kàn ju gbogbo ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ náà lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìgbà mẹ́ta ló sọ ọ́ fún àbúrò mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní tèmi, ohun tí Bàbá sọ tẹ̀lé e ni mo ń rò títí di ìsinsìnyí. Ẹja tó bá gbé ọmọ sẹ́nu kì í jẹun, nítorí náà ìwọ̀ kì í sábà mú un. Àwọ̀n kò mọ ìyàtọ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í gba ẹnikẹ́ni láyè láti ju àwọ̀n sínú adágún náà láìṣe pé àwọn fúnra wọn wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ti ń lé àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ wá lóru padà láti ọdún yìí wá. Ọ̀sà gbòòrò, odò ńláńlá bí Ọ̀ṣun sì ń kó omi tuntun wá fún un láti òkè; adágún kékeré kò ní ibòmíràn tí ẹja yóò ti wá bá a. Ẹni tó bá kó ìyá ẹja mẹ́wàá níbẹ̀ ti kó ohun tí a ò bá jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. A dá ẹpìyà yẹn padà sómi kíákíá, pẹ̀lú ìrètí pé yóò tún lè kó èyí tó kù jọ.

Lálẹ́, a yí ọwọ́ padà sí àrọ̀. Àrọ̀ kò bìkítà fún ojú ríran. Irùngbọ̀n rẹ̀ mẹ́jọ ló fi ń wá oúnjẹ kiri nínú òkùnkùn, òórùn ló sì ń tọ̀. Ìfun adìẹ ni a fi ṣe ìjẹ, a yọ pákó kúrò, a jẹ́ kí òjé gbé e dé ìsàlẹ̀. Mo mọ àwọn apẹja ọ̀sà tó ń gé ọṣẹ sórí ìwọ̀ fún irú ẹja bẹ́ẹ̀, ó sì ń mú wọn, ṣùgbọ́n Bàbá kò fẹ́ ọṣẹ nínú omi wọn. Èyí àkọ́kọ́ tó gbé ìwọ̀ mi wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọparun fi tẹ̀ dé ojú omi. Ó sá wọ abẹ́ kùkùté, okùn sì já. Lẹ́yìn wákàtí kan ni àbúrò mi mú tirẹ̀, èyí tó gùn tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Ó fi ìkánjú dì í mú, ẹ̀gún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà rẹ̀ sì gún un ní àtàǹpàkò débi tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ẹ̀yìn orí ni a ti ń mú àrọ̀, kí ẹ̀gún méjèèjì wà níta àárín ìka.

Mo rò pé a ó dáná sí i lóru náà. Bàbá ní ó di èèwọ̀. Wọ́n gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù omi kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, níbi tí àrọ̀ méjì mìíràn ti wà láti Ọjọ́rú, wọn kò sì fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n ní àwọn ohun wíwẹ́wẹ́ tó ń hù nínú ẹrẹ̀ àti nínú omi tí kò ṣàn ló ń fún ẹja adágún ní òórùn ilẹ̀, pé ọ̀rá ara ẹja ni òórùn náà ń wọ̀ lọ, àti pé omi mímọ́ nìkan ló lè fà á jáde, ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹpìyà yíyan la fi jẹ ẹ̀bà.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bàbá Àgbà ló jí wa kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn wọn kò sì jọ ti ìgbà kan rí. A dé etídò, a rí ẹpìyà lọ́pọ̀ yanturu lójú omi, gbogbo wọn gbé ẹnu sókè, wọ́n ń mí gúlegúle. Ọmọ mi rò pé ebi ló ń pa wọ́n, ó fẹ́ ju ẹ̀bà àná sí wọn. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Èémí ló ń tán nínú omi. Koríko inú omi àti èéhù tó sọ omi di àwọ̀ ewé máa ń pèsè afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn bá ń ràn sí wọn, ṣùgbọ́n lóru, àwọn náà ń lò ó bí ẹja ti ń lò ó, tó fi jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó máa ń kéré jù. Eruku ọyẹ́ ti bo oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Òru náà tún tutù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, omi òkè tó tutù sì rì lọ sísàlẹ̀, ó rú omi ìsàlẹ̀ tí kò ní èémí sókè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ojú oró ti bo apá ìwọ̀ oòrùn adágún náà pátápátá láti ìgbà tí Bàbá ti ṣàìsàn nínú oṣù Ọ̀pẹ. Àrọ̀ kò bẹ̀rù irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní ohun kan lórí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ó kàn ń yọrí, ó ń gbé e mì, ó sì ń padà sísàlẹ̀. Ẹpìyà ni kò ní ọ̀nà mìíràn.

Àbúrò mi tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi sí oko ilá, a yí ojú páìpù rẹ̀ padà sínú adágún kí omi lè máa ta sókè bí òjò kó tó bọ́ padà, kó lè máa kó afẹ́fẹ́ mọ́ra. Èmi àti Bàbá wọ ọkọ̀ kékeré, bàtà rọ́bà gígùn wà lẹ́sẹ̀ mi, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá wọ́ ojú oró lọ sétí. A máa ń sọ pé ojú oró ní í lékè omi. Ó lékè lóòótọ́, ìyẹn gan-an ni ìṣòro, nítorí abẹ́ ibi tó bá bò kò rí oòrùn, bí ó bá sì jẹrà, jíjẹrà rẹ̀ náà tún ń jẹ èémí omi. Inú mi dùn pé kì í ṣe èyí olódòdó àlùkò tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú omi Badagry ní 1984 ló wọ ibẹ̀, èyí tó ti dí ọ̀nà ọkọ̀ apẹja púpọ̀ lórí ọ̀sà láti ìgbà náà. Síbẹ̀, ó rẹ̀ wá gan-an. Ọmọ mi ń fi igbá kó o láti etídò lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, oòrùn yọ díẹ̀, àwọn ẹja rì padà lọ́kọ̀ọ̀kan. A ka mẹ́tàdínlógún tó kú. Bàbá ní bí a kò bá wà níbẹ̀, a kì bá ti lè ka iye wọn. Kò sẹ́ni tó ju ìwọ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a gun ọ̀kadà lọ sí apá Ẹ̀rẹ́dò láti wo kòtò àti ògiri ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rẹ́dò Súngbọ́, èyí tí ìtàn wa sọ pé Bílíkísù Súngbọ́ ló mú kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 160 yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ibi kan sì wà tí láti orí ògiri dé ìsàlẹ̀ kòtò tó mítà 20. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, èéhù àwọ̀ ewé bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, gbòǹgbò igi sì rọ̀ sórí wa. Mo ti kà nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ti rí bí ògiri amọ̀ Bàbá ti ń gba àmójútó tó, ojú tí mo fi wò ó yàtọ̀: wọn kò ní katakata, síbẹ̀ ó dúró fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Igi ni ó kún orí tiwọn. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó ní ti Bàbá kò lè ní igi nítorí omi ló ń dì mú, èyí kò sì dì omi mú. Mo gbà pé ó ti ń lo ohun tó kọ́.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́ Àìkú

Òwúrọ̀ yìí mọ́ kedere ju ti àwọn yòókù lọ. Mo jókòó lórí ògiri láti wo àwọn ẹyẹ, ohun tí n kò ráyè ṣe láti ọjọ́ tí a ti dé. Lékèélékèé wà létí omi, ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ, ẹyẹ apẹja kékeré kan aláwọ̀ dúdú àti funfun sì ń fi ìyẹ́ lu afẹ́fẹ́ lójú kan ṣoṣo kó tó já lulẹ̀ sínú omi bí òkò. Ìgbà mẹ́rin ló bọ́, ó mú ẹja lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ mi tọrọ àyè láti ju ìwọ̀ sí kùkùté tí mo ti pàdánù. Kò pẹ́ tó fi mú àrọ̀ kan, kò tóbi, òun fúnra rẹ̀ ló sì di ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú láìjẹ́ kí ẹ̀gún kàn án. Bàbá Àgbà fún wa ní ọ̀kan nínú àwọn tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù láti Ọjọ́rú, wọ́n ní kí a gbé e fún àbúrò wọn. A gbé àwọn méjèèjì sínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé orí rẹ̀, pẹ̀lú omi díẹ̀, wọ́n sì wà láàyè títí a fi dé Èpè.

Ìyá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì náà sáàárín ẹsẹ̀, a kò sì sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n fa èkíní jáde, wọ́n fi ìka pa á lára láti orí dé ìrù, wọ́n gbé e sẹ́bàá imú, wọ́n sì gbé e fún ẹni tó ń ṣe ìkọ́kọrẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fa èkejì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dá a padà.

“Èyí ṣì ń jẹ ẹrẹ̀ láàárọ̀ yìí,” ni wọ́n wí. “Ta ló mú un?”

Ọmọ mi ní òun ni. Wọ́n pè é súnmọ́ ara wọn, wọ́n mú ìka rẹ̀ gba ara ẹja náà kọjá, wọ́n sì gbé e sí imú rẹ̀ kó gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó lọ pọn omi sínú agbada ńlá tó wà lábẹ́ igi àgbọn.

Ọjọ́rú ni a ó tó pa á. Láti àná tí a ti dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ mi ti pààrọ̀ omi rẹ̀.